Ọjọ́ orí wo ni ó yẹ kí ènìyàn wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì? Ìmọ̀ràn láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin

Aránṣọ Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa nílé àti ní ìdálẹ̀. Ọmọ ọdún 34 ni mí. Mo ń ránṣọ ní ẹ̀bá ọjà Ouando níbí, mo sì bí ọmọ méjì. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 8, èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 3. Ọmọ ọdún 19 ni mo wà nígbà tí mo gba BAC, ìwé ẹ̀rí àṣeparí ilé ìwé girama, ní ẹ̀ka D ti sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n ọdún yẹn gan-an ni bàbá wa di olóògbé, èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí sì lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán kí àwọn àbúrò mi lè rí owó parí ìwé wọn. Wọ́n ti parí báyìí.

Ní ìgbà òjò tí ó kọjá, mo dúró ti ìyá ọkọ mi ní ilé ìwòsàn fún ọjọ́ 11. Yorùbá nìkan ni ìyá náà ń sọ. Nígbàkígbà tí wọ́n bá fi Faransé bi í léèrè ibi tí ó ń dùn ún, orí ni yóò kàn mì, wọn yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara rẹ̀ ti ń yá. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tí ó gbọ́ èdè wa ni ó jókòó tì í ní ọjọ́ kẹrin, ìgbà náà ni a tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì kò jẹ́ kí ó sùn láti òru tí a ti dé. Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ yìí kò ti kúrò lọ́kàn mi mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín kò pọ̀. Ṣé n kò ti pẹ́ jù? Báwo ni ẹni tí ó ní ọmọ kékeré ṣe ń ṣe é nígbà tí wọ́n bá rán an lọ sí ilé ìwòsàn fún sítáàjì, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù? Ṣé orí tí ó ti fi ìwé sílẹ̀ láti ọdún 15 tún lè gba ìwé? Àbúrò ọkọ mi obìnrin ní ìnákúnàá owó ilé ni mo fẹ́ ṣe. Ọkọ mi kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Àgbà Nọ́ọ̀sì, Àjàṣẹ́

Àbúrò mi, mo kí ọ, mo sì kí ìyá ọkọ rẹ kú ewu. Ọdún 31 ni mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìntì, mo sì fi ọdún 12 nínú rẹ̀ bójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń wá ṣe sítáàjì ní wọ́ọ̀dù mi. Mo ti gba ọmọ ọdún 18 sí ọwọ́, mo sì ti gba ìyá tí ó ti ní ọmọ-ọmọ. Ohun tí mo fi ojú ara mi rí ni n óò sọ fún ọ.

Kì í sábà jẹ́ ìwé ni ó ń lé àwọn àgbàlagbà kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ wa. Nínú àwọn tí wọ́n ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo mọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, àwọn tí ìdánwò ṣẹ́gun kò pọ̀ rárá. Sítáàjì ni ó mú èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tí kò bá wá sí kíláàsì lónìí lè yá ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀ dà kọ ní ọ̀la, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè yá ọ ní ọjọ́ tí o kò dé wọ́ọ̀dù. Wọn yóò máa retí rẹ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù kí àwọn tí wọ́n sun òru tó lọ sílé, ọ̀sẹ̀ kan yóò kàn ọ́ ní ìṣọ́ òru, aláìsàn tí wọ́n fi sí ọ lọ́wọ́ kò sì mọ̀ pé ibà ń ṣe ọmọ rẹ nílé. Nítorí náà, kí o tó san owó kankan, jókòó kí o ronú sí ẹni tí yóò máa gba ọmọ ní ilé ìwé, àti ẹni tí yóò máa sùn tì wọ́n ní òru tí o bá wà lẹ́nu ìṣọ́. Lẹ́yìn náà, wá ẹlòmíràn tí yóò dúró nígbà tí àwọn méjì yìí kò bá rí àyè. Ẹni ìkẹyìn yìí ni a máa ń gbàgbé, òun gan-an sì ni mo rí tí ó gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ là.

Ní ti ọjọ́ orí, mo fẹ́ kí o mọ ìtàn olóògbé Kofoworola Abeni Pratt. Èkó ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1915, iṣẹ́ olùkọ́ ni ó sì kọ́kọ́ ṣe. Ó ti tó ọmọ 30 ọdún, ó sì ti wà ní ilé ọkọ, nígbà tí ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1946 láti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ẹ̀kọ́ Nightingale tí ó wà ní ilé ìwòsàn St Thomas'. Òun ni ó padà wá di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ìbàdàn. Florence Nightingale tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé ẹ̀kọ́ náà ti pé ọmọ ọdún 31 kí ó tó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìtọ́jú aláìsàn ní Kaiserswerth, ní ilẹ̀ Jámánì, ní ọdún 1851. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé iṣẹ́ ọmọdébìnrin ni iṣẹ́ yìí, kò mọ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tí o lè wò ní orílẹ̀-èdè wa ni INMeS ní Kútọnù, tí ó wà lábẹ́ Yunifásítì Abomey-Calavi, àti IFSIO ní Pàràkú, tí ó wà lábẹ́ Yunifásítì Pàràkú. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn BAC ni ẹ̀kọ́ náà, sìmẹ́sítà mẹ́fà, krédíìtì 180, kí a tó fún ènìyàn ní ìwé ẹ̀rí Licence, oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì. Ojú òpó apresmonbac ni ìjọba fi ń ṣe ètò ìgbaniwọlé fún àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba BAC. Ìwọ tí tìrẹ ti pẹ́, lọ sí ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ kí o bèèrè ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ fún irú rẹ, má ṣe gbára lé ohun tí ẹnìkan gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Bí ó bá jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ni o fẹ́ wọ̀, béèrè ìwé àṣẹ tí ìjọba fún wọn, kí o sì fi ojú ara rẹ rí i, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aládàáni ní láti jókòó ṣe ìdánwò àpapọ̀ tí ìjọba ń ṣètò kí Licence wọn tó ní iyì. Béèrè pẹ̀lú ilé ìwòsàn tí wọ́n ń rán akẹ́kọ̀ọ́ wọn lọ. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè yẹn lójú ẹsẹ̀, èmi kò ní fi ọmọ mi síbẹ̀.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ní Pàràkú

Mo kúnlẹ̀ kí gbogbo ẹ̀yin àgbà. Ọmọ 20 ọdún ni mí, mo wà ní ọdún kejì. Mo rí i pé gbogbo ènìyàn rò pé àwa tí a wọlé láti ilé ìwé girama ni ó rọrùn fún, nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tèmi kún un.

Òótọ́ ni pé ìwé kò le fún wa púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 18 ni mo wà nígbà tí aláìsàn kan kú lójú mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Èmi ni mo fún un ní omi mu ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n ní kí n bá wọn tún ara rẹ̀ ṣe, mo ṣe é, mo sì padà sí yàrá tí mo háyà ní ìlú tí n kò ti mọ ẹnikẹ́ni, n kò lè jẹun fún ọjọ́ méjì. Ẹni tí ó kíyè sí i ni obìnrin ọmọ ọdún 38 kan nínú kíláàsì wa. Ó wá bá mi, ó gbé ọbẹ̀ dání, kò béèrè nǹkan kan títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ fúnra mi. Òun ti sin òbí méjèèjì, ó sì mọ ohun tí a ń pè ní ikú. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bá a ṣe ìṣirò oògùn ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, nítorí pé ibẹ̀ ni ó ti ń nira fún un.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ bá ń bọ̀: ẹ má ṣe máa pè wá ní ọmọdé níwájú àwọn aláìsàn. Bí aláìsàn bá ti gbọ́ ọ báyẹn, kò ní jẹ́ kí a fọwọ́ kan òun mọ́.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́rin, Kétu

Ọmọ dáadáa, Ọlọ́run yóò tọ́jú rẹ. Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi, nítorí pé ọmọ ọdún 41 ni mo wà ní ọjọ́ tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́.

Ṣáájú ìgbà náà, mo ti ṣe olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìtọ́jú kan ní agbègbè wa fún ọdún 14. BAC ni n kò ní. Mo jókòó ṣe é láìjẹ́ pé mo wà ní ilé ìwé kankan, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí à ń pè ní candidat libre, ẹ̀ẹ̀kejì ni mo sì tó yege. Mo rò pé nígbà tí mo bá ti wọlé, èmi ni n óò mọ̀ ọ́n jù lọ nínú kíláàsì, nítorí pé ọwọ́ mi ti mọ iṣẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 14 ni mo ti máa ń fi ọwọ́ méjèèjì dé abẹ́rẹ́ tí mo ti lò padà kí n tó jù ú nù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí wọ́n kọ́ mi ṣe kọ́ mi. Ilé ẹ̀kọ́ ní kí a má ṣe dé e padà rárá, kí a jù ú tààrà sínú àpótí tí abẹ́rẹ́ kò lè gún jáde, nítorí pé ìgbà tí ènìyàn bá ń dé e padà ni abẹ́rẹ́ sábà máa ń gún un. Ó gbà mí ní oṣù mẹ́ta gbáko kí ọwọ́ mi tó gbọ́ràn. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀ kọ́ ọ ní ọjọ́ kan. Nítorí náà, ìwọ Aránṣọ, má ṣe rò pé àìmọ̀ rẹ jẹ́ àléébù. Ohun tí o kò mọ̀ rárá rọrùn láti kọ́ ju ohun tí o mọ̀ ní ìmọ̀kúmọ̀ lọ.

Ojú mi tún fi nǹkan kan hàn mí. Mo ń rí aláìsàn ní òpin wọ́ọ̀dù kedere, ṣùgbọ́n n kò rí lẹ́tà wínníwínní tí a kọ sí ara ìgò oògùn abẹ́rẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìlà kéékèèké tí ó wà lára sírínjì. Ojú tì mí láti sọ ọ́, mo ń nawọ́ ìgò náà jìnnà sí ojú bí ẹni ń ṣeré, títí di ọjọ́ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fa oògùn tí kì í ṣe òun. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo lọ gba awò. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ń súnmọ́ 40 ọdún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ yẹ ojú yín wò kí sítáàjì tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn àti orúnkún náà ní tiwọn: ẹ kọ́ bí a ti ń gbé ibùsùn sókè dé ìwọ̀n ìbàdí kí ẹ tó yí aláìsàn, ẹ tẹ orúnkún, ẹ má tẹ ẹ̀yìn, ẹ sì pe ẹnì kejì. Àwọn ọ̀dọ́ lè fi agbára ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn náà yóò san án tí ó bá yá.

Alábòójútó kan fi ọjọ́ orí mi bú mi níwájú àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Ó kéré sí àkọ́bí mi. Mo dákẹ́ títí iṣẹ́ fi parí, mo lọ bá a níta, mo kí i gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ mi, mo sì sọ fún un pé kí ó máa tọ́ mi sọ́nà bí ó ti fẹ́, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe mú iyì mi kúrò lójú àwọn tí mo ń tọ́jú. Kò tún ṣe é mọ́.

Èyí tí ó dùn mí jù lọ ni mo fi sí ìkẹyìn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dúró kí àbíkẹ́yìn mi tó wọ ilé ìwé girama, mo rò pé sùúrù ni. Ìgbà tí mo jáde ni mo tó kà á nínú ìkéde pé ọjọ́ orí mi ti kọjá èyí tí wọ́n ń gbà sí iṣẹ́ ìjọba. Ilé ẹ̀kọ́ lè gbà ọ́, kí iṣẹ́ ìjọba má gbà ọ́. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Mo wà ní ilé ìwòsàn aládàáni báyìí, mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n ì bá dára kí ẹnìkan ti sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ. Wá ìkéde ìgbanisíṣẹ́ tí ó jáde kẹ́yìn, ka ohun tí ó wí nípa ọjọ́ orí, fi ọdún mẹ́ta kún tìrẹ, kí o sì mọ ibi tí o dúró sí.

Ọkọ Akẹ́kọ̀ọ́, Àjàṣẹ́

Mo kí yín o. Ìyàwó mi ni ó wà ní ilé ẹ̀kọ́, èmi ni mo wà nílé, ó sì yẹ kí ẹnìkan sọ̀rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ yìí.

Ọmọ ọdún 29 ni ó wà nígbà tí ó wọlé, ọmọ wa sì jẹ́ ọmọ oṣù 10. Ní òru ìṣọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọ sunkún títí di aago mẹ́ta. Ó fún wàrà sínú ife sílẹ̀ fún wa kí ó tó lọ, n kò mọ̀ pé kò yẹ kí ó pẹ́ ju wákàtí mẹ́rin lọ níbi tí kò sí fìríìjì, mo dà á nù nígbà tí ó yá, a sì wà bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀, nígbà tí ó dé, ó jókòó sórí àga pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn, ó sì sùn lọ kí ó tó bọ́ bàtà. Ọjọ́ yẹn ni ó yé mi pé àwa méjèèjì ni a forúkọ sílẹ̀, kì í ṣe òun nìkan.

Ẹ̀gbọ́n wa láti Kétu ní kí a má ṣe dúró. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé bí ọmọ bá ṣì ń mu ọmú, kí ènìyàn ní sùúrù títí yóò fi já a. Ìyàwó mi kò gbà pẹ̀lú mi lórí èyí títí di òní. Ó ní bí òun bá dúró ni, òun ì bá ti lóyún èkejì. Ẹ gbọ́ tọ̀tún-tòsì. Ọmọ tìrẹ ti pé ọdún 3, ó rọrùn díẹ̀.

Ní ti àbúrò ọkọ rẹ, kì í ṣe ìwọ ni ó yẹ kí o dá a lóhùn. Ọkọ rẹ ni. Èmi ni mo pe ìyá mi àti àwọn àbúrò mi jókòó, mo sọ fún wọn pé èmi ni mo ní kí ó lọ, àti pé ẹni tí ó bá ní ẹ̀sùn kí ó bá mi sọ ọ́. Nítorí náà, má ṣe jẹ́ kí ọkọ rẹ wà ní àárín méjì bí ó ti wà yìí. Fi ìṣirò lé e lọ́wọ́: owó ilé ìwé, aṣọ funfun àti bàtà, ẹ̀rọ ìwọn ẹ̀jẹ̀ ríru, owó zẹ́míjàn (ọ̀kadà), ìwé títẹ̀, owó ìwé àṣekágbá ní ọdún kẹta, àti iye tí yóò dín kù nínú owó aṣọ rírán rẹ. Èyí tí ó kẹ́yìn yẹn ni a kò kọ sílẹ̀ nílé wa, òun ni ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá wa dúró ní ọdún kejì. Èsúsú tí ìyá mi ń dá ni ó yọ wá.

Olùkọ́ Àná, Kétu

Mo fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 29 láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Àwọn ènìyàn bi mí léèrè bóyá ọkùnrin ń ṣe é. Ẹ lọ sí ilé ìtọ́jú èyíkéyìí ní àwọn abúlé wa, ọkùnrin nọ́ọ̀sì ni ẹ ó bá ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀ tí ó ń dá gbogbo ilé ìtọ́jú gbé ró, tí agbẹ̀bí sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

Mo fẹ́ ṣe àfikún kan fún àwọn tí wọ́n wà ní ẹ̀bá ààlà bí tiwa. Mo ti rò ó tẹ́lẹ̀ láti kọjá sí Nàìjíríà lọ kẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé mo ní ẹbí níbẹ̀. Wọ́n ń béèrè kírẹ́dítì márùn-ún, èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, bàọ́lọ́jì, kẹ́mísìrì àti físíìsì, ẹni tí ó bá fi Faransé kàwé kò sì lè gba ọ̀nà kúkúrú dé ibẹ̀. Bí ó bá sì parí, yóò tún ní láti wá bí wọn yóò ti ka ìwé ẹ̀rí náà sí nílé. Mo dúró síbí. Ẹni tí ó bá fẹ́ máa gbé ní Nàìjíríà ni ọ̀nà yẹn yẹ fún.

Àgbà Nọ́ọ̀sì, Àjàṣẹ́

Mo padà wá nítorí pé àbúrò wa béèrè nípa orí tí ó ti fi ìwé sílẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó dá a lóhùn dáadáa.

Ìwọ Aránṣọ, wo ìṣirò yìí. Dókítà ní kí omi 500 mililítà wọ ara aláìsàn láàárín wákàtí mẹ́rin. Okùn tí omi ń gbà kọjá máa ń sọ ẹ̀kán 20 fún mililítà kan. Ẹ̀kán mélòó ni ó gbọ́dọ̀ máa kán ní ìṣẹ́jú kan? O sọ 500 di ìlọ́po 20, ó di 10,000 ẹ̀kán. Wákàtí mẹ́rin jẹ́ ìṣẹ́jú 240. Pín in, yóò fún ọ ní 41 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta, èyí tí a óò sọ di odidi 42. O óò wá wo aago rẹ, ìwọ yóò sì ka ẹ̀kán náà lójú. Mo ti rí ọmọ ilé ìwé tí ó gba máàkì gíga nínú BAC tí ó wárìrì níwájú ìṣirò yìí, mo sì ti rí obìnrin tí ó ń ta ìpápánu tẹ́lẹ̀ tí ó ṣe é láti orí láìmú bírò. Ìwọ tí o ń mú ọ̀pá aṣọ mẹ́fà, tí o ń pín in sí bùbá, ìró àti gèlè láìjẹ́ kí ó ku ọ̀kan, ìṣirò kò fi ọ́ sílẹ̀ rí. Faransé kíkọ ni kí o bẹ̀rẹ̀ sí í tún ṣe láti ìsinsìnyí: kọ ojú ewé kan lójoojúmọ́, kí o fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ní kí ó ṣàtúnṣe sí i.

Ní ti ìwé kíkà, má ṣe máa ka ojú ewé kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Kà á lẹ́ẹ̀kan, pa ìwé náà dé, kí o sì sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún ògiri. Ibi tí o bá ti kọsẹ̀ ni kí o ṣí padà. Tún un sọ ní ọ̀la, tún un sọ ní ọ̀sẹ̀ tí ó ń bọ̀. Èyí dára fún ọmọ ọdún 18, ṣùgbọ́n fún ẹni tí ó ní ìdajì wákàtí péré kí ọmọ tó jí, kò sí ọ̀nà mìíràn tí mo mọ̀.

Ohun kan tún wà tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ọjọ́ orí rárá, tí gbogbo ènìyàn sì ń fi sílẹ̀ di ìgbà tí ó ti pẹ́. Lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún àrùn ẹ̀dọ̀ tí à ń pè ní hepatitis B, èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ń gún un: èkejì lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta ní oṣù kẹfà. Ẹni tí ó bá dúró di ọjọ́ tí wọ́n rán an lọ sí wọ́ọ̀dù kò tíì ní ààbò pípé nígbà tí ó bá kọ́kọ́ mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Bí abẹ́rẹ́ tí a ti lò bá sì gún ọ lọ́jọ́ kan, fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, má tẹ̀ ẹ́, má fi pamọ́ nítorí ìtìjú, sọ fún alábòójútó rẹ ní wákàtí yẹn gan-an, nítorí pé oògùn tí ó ń dènà HIV ní láti wọ ara kí wákàtí 72 tó pé, bí ó bá sì ti yá tó ni ó dára tó. Mo mọ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó pa á mọ́ra fún ọjọ́ márùn-ún. Ọlọ́run yọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé ojú rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó wá sọ ọ́ fún mi.

Aránṣọ Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin àgbà mi, ẹ̀yin àbúrò mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dákẹ́ nítorí pé mo ń ṣe ohun tí ẹ sọ.

Mo kọ ìṣirò owó náà sílẹ̀ bí ọkọ akẹ́kọ̀ọ́ ti wí, mo sì fi iye tí yóò dín kù nínú owó aṣọ kún un. Ọkọ mi kà á ní alẹ́ méjì tẹ̀ léra. Ní ọjọ́ kẹta, ó ní òun yóò máa gba àwọn ọmọ ní ilé ìwé ní ọjọ́ tí òun kò bá lọ sí Kútọnù, ó sì pe àbúrò rẹ̀ fúnra rẹ̀. N kò mọ gbogbo ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ náà wá ní ọjọ́ Àìkú, ó ní òun ni òun yóò máa wá sùn ní ilé wa ní òru ìṣọ́. Ó yà mí lẹ́nu. Ìyá ọkọ mi ni ẹni kẹta. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dára báyìí, ó sì ti ń sọ fún àwọn ará àdúgbò pé dókítà ni mo fẹ́ dà, mo ń gbìyànjú láti tún ọ̀rọ̀ náà ṣe lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi tí ó ti gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ yóò máa jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, a ó sì máa pín owó tí ó bá wọlé.

Mo ka ìkéde ìgbanisíṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìyá wa láti Kétu ti ní kí n ṣe é. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ní ọdún yìí, mo ṣì wà nínú rẹ̀. Bí mo bá tún dúró di ìgbà tí ọmọ kékeré yìí yóò tó ọmọ ọdún 8, n kò ní sí nínú rẹ̀ mọ́. Ìyẹn ni ó parí ọ̀rọ̀ fún mi. Ní ọjọ́ Ajé tí ó kọjá ni mo gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ fún àrùn ẹ̀dọ̀, ọ̀sẹ̀ tí ó ń bọ̀ ni mo sì ń lọ sí Kútọnù láti bèèrè ní ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́ fúnra mi.

Ohun kan ni ó kù. Ṣé ẹnikẹ́ni nínú yín ní ìwé ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara ènìyàn tí kò lò mọ́? Èyí tí mo rí ní ọjà ti gbówó lórí jù, mo sì fẹ́ máa kà á kí ilé ìwé tó wọlé.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ní Pàràkú

Ẹ̀gbọ́n mi, tèmi ti ọdún kìíní wà nílé wa ní Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ti já díẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ojú ewé rẹ̀ ló pé. Mo ti fi pẹ́ńsù kọ orúkọ àwọn egungun sí etí ìwé náà ní Yorùbá níbi tí mo ti mọ̀ ọ́n. Bàbá mi ń bọ̀ ní Àjàṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì, n óò ní kí wọ́n gbé e wá fún yín ní ọjà Ouando.